Oyin Kan Ṣẹ́kù

Ẹ̀rọ kékeré tó ń fò ti dé láàárọ̀ yìí láti ka oyin ara ògiri mi. Mo ti ń kọrin fún ìtàkùn igbó mi kó tó dé:

"Agùnlé-má-tọrọ-àyè,
Olódòdó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú,
Gùn ún, ilé ni tìrẹ."

Ọdún mẹ́ta péré ni, ó ti bo àjà kejì. Mi ò fún un ní ajílẹ̀ rí, mi ò sì gé e, ẹyẹ ń yé sínú rẹ̀.

"Mọ́kàndínlógójì," ni ẹ̀rọ wí.

Ogójì oyin ni òfin ìlú ní kó wà lára ìtàkùn kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá pé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a fà á tu, wọn a fi ìtàkùn rọ́bà rọ́pò rẹ̀.

Bàbá Àrẹ̀mú, aládùúgbò mi, yọjú lójú fèrèsé tí ìtàkùn náà gbà wọ yàrá rẹ̀.

"Ìyá Mojírọ́lá, ìtàkùn yín ò mọ ilé onílé."

"Ẹ má bínú, bàbá. Wọ́n fẹ́ fà á tu báyìí, oyin kan ló kù kó pé ogójì."

Ó bojú wẹ̀yìn wo yàrá rẹ̀. "Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ó tẹ̀lé òdòdó wọlé lánàá, mo sì fi àwọ̀n dí fèrèsé mọ́ ọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ohun abẹ̀mí kan ti kọrin kẹ́yìn nínú yàrá mi."

"Ẹ̀yin olè oyin yìí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ká àwọ̀n kúrò. Oyin náà fò jáde, ó bà lé òdòdó.

"Ogójì," ni ẹ̀rọ wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ má dí fèrèsé mọ́," ni mo wí. "Á máa wá fúnra rẹ̀."

Mo tún dá orin mi. Lónìí, Bàbá Àrẹ̀mú gbè é.