Òkè Wà Níwájú

Ọ̀gá awakọ̀ náà kì í pe igbákejì rẹ̀ ní nǹkan mìíràn ju Ojo lọ. Ó ti ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń wa bàálù, níwájú àwọn mẹkáníìkì, níwájú àwọn tó ń já ẹrù, bí ẹni pé ẹ̀rù ló ń mú kí ọ̀dọ́kùnrin náà máa yẹ gbogbo nǹkan wò fínnífínní kí ọkọ̀ tó gbéra. Igbákejì a máa rẹ́rìn-ín sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó ọ̀gá ló ṣe olórí àwọn olùtọ́jú èrò. Wọn kì í sábà jọ wọ ọkọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ara ẹni tí iṣẹ́ kàn ò yá, wọ́n sì ní kó wá dípò rẹ̀. Ó gbé tíì wá fún àwọn méjèèjì kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

"Àbúrò mi, má dá a lóhùn," ó sọ fún igbákejì. "Bó ṣe ń da èmi náà láàmú nílé nìyẹn."

"Kò sí wàhálà, Àǹtí."

"Ojo ò lè rí wàhálà," ni ọ̀gá wí. "Kó tó dé ló ti máa ń sá lọ."

Èrò kún inú ọkọ̀. Òkè ńlá kan wà lápá òsì pápákọ̀ òfurufú náà, ọkọ̀ tó bá gbéra ní láti yà sí ọ̀tún kó má baà dé ìdí rẹ̀. Wọ́n gbéra, wọ́n yà sí ọ̀tún, wọ́n sì wọ inú àwọsánmà lọ. Ọ̀gá ló ń wà á. Wọn ò tíì gòkè tán tí fóònù inú ọkọ̀ fi dún. Ìyàwó rẹ̀ ni, àwọn méjèèjì ló sì gbọ́ ọ.

"Bàbá àgbàlagbà kan ń mí gúlegúle lẹ́yìn níbí. Mo ti dìde, mo fẹ́ lọ wò ó."

"A ṣì ń gòkè o. Di nǹkan mú."

"Mo gbọ́, Baba àwọn ọmọ."

Kò pẹ́ sí i ni iná pupa tàn níwájú wọn, tí ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ sì figbe ta. "Òkè! Òkè! Fà á sókè!"

Ọ̀gá wo àwọn aago iwájú rẹ̀. Ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n wà náà ni wọ́n wà. Ìlànà iṣẹ́ wọn ni pé bí ẹ̀rọ yẹn bá ti ké, kí awakọ̀ fa imú ọkọ̀ sókè tagbáratagbára, àfi bó bá jẹ́ ojúmọmọ, tí ó sì fojú ara rẹ̀ rí i gbangba pé nǹkan kan ò sí níwájú. Fèrèsé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ funfun báláú. Ọ̀dọ̀ igbákejì ni àwọsánmà ti ń já.

"Kí lo rí?"

Igbákejì na ọrùn sí gíláàsì.

"Mo ní kí lo rí níbẹ̀!"

"Òkè ni, sà! Ó wà níwájú wa gan-an! Ẹ fà á!"

Ọ̀gá fà á. Ọkọ̀ náà nàró sókè, ilẹ̀ inú rẹ̀ di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ariwo àwọn èrò sì gba inú ilẹ̀kùn wọlé. Nígbà tí wọ́n yọ sókè àwọsánmà, tí oòrùn là sí wọn lójú, ọ̀gá na ọwọ́ gbá èjìká igbákejì rẹ̀ mú.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "O ṣeun."

Fóònù tún dún. Ohùn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohùn ìyàwó rẹ̀.

Ara bàbá àgbàlagbà náà balẹ̀ kí wọ́n tó padà sílẹ̀. Obìnrin tó dìde lọ wò ó ti yí gbirigbiri lọ sí ìdí ọkọ̀, ó forí sọ irin, ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́.

Àwọn olùwádìí ní ẹ̀rọ ló ṣi ibi tí ọkọ̀ wà mọ̀. Òkè náà jìnnà réré sí wọn lápá òsì. Kò sí nǹkan kan níwájú wọn. Wọ́n pe igbákejì. Ó ní òun rí nǹkan dúdú kan tó ga, òun sì rò pé òkè ni. Wọ́n ní òjò tó ṣú máa ń rí bẹ́ẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ló lè ṣì í mú. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló dìde gbèjà rẹ̀.

"Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Ojú ló tàn án jẹ."

Ó mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà dojúbolẹ̀ ní pálọ̀.

"Dìde," ni ìyá náà wí. "Ọmọ mi máa ń dárúkọ rẹ. Ó ní o ní sùúrù fún ọkọ òun. Mi ò bá ẹ bínú."

Ọ̀gá ò lè wa ọkọ̀ mọ́. Bó bá ti jókòó sídìí ìdarí, á tún dìde kúrò níbẹ̀. Òun ló sọ̀rọ̀ igbákejì ní rere níbi iṣẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọ̀gá awakọ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ọ̀dọ́kùnrin náà máa ń wá bá ọ̀gá àtàwọn ọmọ rẹ̀ jẹun, tí yóò sì ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ ilé ìwé wọn.

"Ká ní mo dúró díẹ̀ sí i ni," ni ọ̀gá wí lọ́jọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ ti kúrò nídìí tábìlì. "Díẹ̀ péré."

"Ẹ má rò ó mọ́, sà. A ò mọ̀."

Nígbà tí àwọsánmà já lápá ọ̀tún lọ́jọ́ náà, pápá títẹ́jú ni ọ̀dọ́kùnrin yìí rí níwájú, tí oòrùn ràn sí lára títí dé ibi tí ojú mọ, ó sì wò ó dáadáa kó tó lanu pé òkè ni.