Wáyà Ìrù Bàálù

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1982, Ọlágòkè, máníjà ilé iṣẹ́ kan tó ń fi bàálù fọ́n oògùn tata sí oko nítòsí Òfikì, pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ sábẹ́ igi ẹ̀mí. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìjọba fẹ́ tún òfin àtúnṣe bàálù yẹ̀ wò, wọn ò sì fẹ́ dá a ṣe. Wọ́n fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà.

"Ọjọ́rú ni wọ́n ń bọ̀," ó ní. "Ohun tó bá wà lọ́kàn kálukú, kó sọ ọ́."

Ó ká ìwé náà, ó fi í sápò.

Ládòkun ni mẹkáníìkì wọn. Ọmọ Ṣakí ni, Kàdúná ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì ti lo ọdún mẹ́fà nílé iṣẹ́ náà. Ohun tó wà lọ́kàn tirẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn. Bàálù méjì ni ilé iṣẹ́ náà ní, wáyà tó ń darí ìrù èkejì sì ti ń já fọ́nrán-fọ́nrán. Ó ti béèrè tuntun. Ọlágòkè ní kó lọ yọ ti òkú bàálù tó wà lẹ́yìn ọgbà. Ìyẹn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó tán. Ọlágòkè tún ní kó kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe pé tuntun ni, kó sì fọwọ́ sí i.

Ó fọwọ́ sí i.

Láti ọjọ́ náà, bí Àríyọ̀ awakọ̀ bá ti gbé bàálù yẹn sókè, Ládòkun kì í lè jókòó. Àríyọ̀ á fò wálẹ̀ sórí oko ẹ̀gẹ́, á yí po, á tún padà. Ládòkun á máa fojú tẹ̀ lé e títí táyà á fi kan ilẹ̀. Ó ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ òtítọ́ sínú rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ nǹkan, nọ́ńbà ara rẹ̀, ibi tí wọ́n ti yọ ọ́. Inú àpótí aṣọ Àwáwù, ìyàwó rẹ̀, ló ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọlágòkè bá a nídìí ẹ́ńjìnnì.

"Ládòkun, ọmọ mélòó lo ti bí?"

"Mẹ́rin ni, sà."

"Mẹ́rin. Ó dáa."

Ó bá tirẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Ládòkun jókòó ti ẹ̀kọ àti àkàrà, kò fọwọ́ kàn án.

"Bàbá Jímọ̀, ẹ ò jẹun," Àwáwù wí.

"Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé mi. Wọ́n tiẹ̀ lè tì mí mọ́lé. Èmi ni mo fọwọ́ síwèé."

"Bí ẹ ò bá wá sọ ọ́, tí Àríyọ̀ já látòkè ńkọ́?"

Àwáwù dìde, ó ṣí àpótí, ó mú ìwé kékeré náà wá, ó tì í bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀.

Ní aago mẹ́wàá, Píjò funfun kan wọ ọgbà. Ọyẹ́ ti fi eruku bo gbogbo ewé ẹ̀bá ọ̀nà, ṣùgbọ́n mọ́tò náà ń dán. Ọkùnrin onígò ojú kan sọ̀ kalẹ̀, ó ní Ògúndèjì lorúkọ òun. Ó kọjá níwájú bàálù méjèèjì, kò yà wò wọ́n. Ó lọ tààrà sí yàrá ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ládòkun ló ṣe ìkẹta.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Ògúndèjì wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí lẹ mọ ibi tí òfin ti kù díẹ̀ káàtó."

Ládòkun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ ń kólòlò, nígbà tó yá, kò lè dúró mọ́. Ó sọ ti wáyà, ó sọ ti òkú bàálù, ó sọ ti ìwé tó fọwọ́ sí.

"Kí ni ẹ fẹ́ kó wà nínú òfin?"

"Kí ẹnikẹ́ni má lè fipá mú mẹkáníìkì fọwọ́ sí irọ́, sà. Kí wọ́n máa wá yẹ bàálù wò láìsọ tẹ́lẹ̀."

Ògúndèjì mi orí. Bírò rẹ̀ kò kúrò lójú kan.

"Ta ló tún mọ̀ sí i?"

"Akọ̀wé wa mọ̀, sà."

Ògúndèjì kò béèrè orúkọ akọ̀wé náà, ó kọ Bàṣírù sílẹ̀.

"Ẹ̀rí ńkọ́?"

Ládòkun na ìwé kékeré náà sí i. Ògúndèjì ṣí i wò ní ojú ewé bíi mélòó kan.

"Ṣé ẹ kọ òmíràn pamọ́?"

"Rárá, sà. Òun nìkan ni."

Ògúndèjì fi í sínú báàgì rẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó dúpẹ́.

Lọ́jọ́ yẹn, Ládòkun jẹ iyán títí ó fi bu kún un. Lọ́jọ́bọ̀, Ọlágòkè ló kọ́kọ́ kí i. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní kí Bàṣírù di ẹrù rẹ̀, pé wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka wọn ní Kíṣí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lọ́rì kan wá kó òkú bàálù kúrò lẹ́yìn ọgbà, wọ́n sì gbá ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," Ládòkun sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Alihamudulilahi," Àwáwù dáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí Àríyọ̀ ti gbé bàálù kejì lọ sókè, Lándírófà kan wọ ọgbà, obìnrin kan àti ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀, obìnrin náà ní ìjọba ló rán àwọn wá láti Èkó pé kí àwọn wá gbọ́ tẹnu àwọn òṣìṣẹ́ nípa òfin àtúnṣe bàálù, pé kò sí ẹni tí ìjọba ti rán wá ṣáájú àwọn, ó béèrè ta ló fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Ọlágòkè sì rọra gbé ọwọ́ lé Ládòkun léjìká.