Kí Ará Àkúrẹ́ Má Baà Rí Wa

Epo mọ́tò ti wọ́n bí ojú, síbẹ̀ Ìyáàfin Bísọ́dún ń wa ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó.

Ó wọ gíláàsì dúdú. Ó fi ìbòmú bo ẹnu. Gèlè bo etí méjèèjì.

Túnmiṣe ọmọ rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, kò tíì máa sọ̀rọ̀. Ilé ìtọ́jú tí wọ́n ti ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ń lọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ayé pé ojú ló kàn ń ti ọmọ náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, wọ́n á fi í jẹ Ìyá Ìjọ. Àṣírí ò gbọdọ̀ tú.

Wọ́n wọlé. Obìnrin kan jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wọ gíláàsì dúdú, ó lo ìbòmú.

Túnmiṣe, tí kì í sún mọ́ àlejò, lọ tààrà, ó gun itan obìnrin náà, ó sì bọ́ gíláàsì lójú rẹ̀.

"Yéè! Màmá Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wa!"

"Ẹ rọra pariwo o, Màmá Túnmiṣe! Ṣé ẹ fẹ́ kí ará Àkúrẹ́ gbọ́ ni?"

Olùtọ́jú ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ṣebí a ní ẹ̀ka ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ yín?"

"Kí gbogbo Àkúrẹ́ lè rí wa níbẹ̀, àbí?" Màmá Túnmiṣe dá a lóhùn.

"Ará Àkúrẹ́ wo, mà? Àwọn ará Oǹdó ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́."