Bàtà Bàbá Olùdásílẹ̀

Inú ti ń bí Morádékẹ́, ọmọ Bàbá Olùdásílẹ̀, kí ẹ̀rọ tó tan àwòrán bàbá rẹ̀ tó ti kú sórí pẹpẹ ìjọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń tàn án bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìrántí rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ á di ènìyàn, tí á máa pe àwọn ọmọ ìjọ lórúkọ, tí á sì máa ríran sí wọn. Lọ́dún yìí, ó wọ sùtánà funfun. Ó sì wọ bàtà dúdú tó ń dán.

Ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo ìjọ wà, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe là á sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀.

"Bàbá mi ò wọ bàtà wọ ibí yìí rí!" Morádékẹ́ figbe ta. "Ẹsẹ̀ lásán náà la fi sin ín!"

Wòlíì Ọlátẹ̀jú, olórí ìjọ, sáré wá bá a. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ló yan bàtà náà. Ó ní ó bá sùtánà mu."

"Ṣé ẹ̀rọ ló dá ìjọ sílẹ̀ ni?"

Àwòrán náà yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín. "Morádékẹ́ ọmọ mi, jókòó. Má dí ìsìn lọ́wọ́."

Ohùn bàbá rẹ̀ gan-an ni. Ìyẹn ló wá dá kún ìbínú rẹ̀.

Kò jókòó. Ó jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó wá bàtà tirẹ̀ láàárín èyí tí gbogbo ìjọ bọ́ síbẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó sì fi rìn kò-kò-kò padà dé iwájú pẹpẹ.

"Ilẹ̀ tí ẹ̀rọ bá ti lè fi bàtà tẹ̀, ilẹ̀ lásán ni."

Lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn ti ń wá bàtà tiwọn.