Irun Ta Ni Mákindé Ń Kùn?

Ọdún 1994 ni, ní Iba.

Mákindé fá orí rẹ̀ kodoro, síbẹ̀ Fẹ̀hìntọlá ìyàwó rẹ̀ bá páálí dáì méjì nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú.

"Ta lẹ ń kun irun fún?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ló rán mi." Kò wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Ní Sátidé, Fẹ̀hìntọlá yọ́ tẹ̀lé e dé Ajangbadi.

Ó gbọ́ ẹ̀rín obìnrin lẹ́yìn ilé kan. Ó yọjú.

Ọmọbìnrin ọdún méje kan ló jókòó sórí àpótí. Àfín ni. Mákindé ń fi dáì sí i lórí.

"Dádì, dúdú tí ẹ fi sí i lọ́jọ́sí di àwọ̀ ewé."

"Irun tó bá funfun báyìí, pupa la kọ́kọ́ ń fi sí i, kí dúdú tó lè mú un dáadáa."

"Tó bá wá dúdú, ṣé Mọ́mì á jẹ́ kí n wálé?"

Fẹ̀hìntọlá fà sẹ́yìn, kí ọmọ náà má baà rí i.

Òun ló bí ọmọ náà. Òun náà ló ní kí wọ́n gbé e lọ fún ìyá ọkọ òun, kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.