Fáànù Yàrá Ẹ̀yìn

Ní ọdún 2004, ilé tí Karimot àti Mùnírù ọkọ rẹ̀ gbà ní Swords, lẹ́bàá Dublin ní ilẹ̀ Ireland, dára, àfi yàrá ẹ̀yìn. Ògiri ibẹ̀ máa ń lómi, ó sì ń hu nǹkan dúdú. Ibẹ̀ ni Nàbílà ọmọ wọn, ọlọ́dún mẹ́rin, ń sùn. Láti oṣù kọkànlá ló ti ń húkọ́.

Ní oṣù kejì, ìyá Mùnírù wá kí wọn láti Ìwó. Àga pálọ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá. Ó ń dún bí Màmá ṣe ń jókòó. Fún ọjọ́ mẹ́ta, Màmá gbọ́ ikọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní bí ikọ́ náà kò bá lọ kí òun tó padà sílé ní oṣù karùn-ún, òun máa mú ọmọ náà dání lọ sí Ìwó.

Ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, Karimot wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Parnell Street ní Dublin, sọ́dọ̀ Jamaldeen tó ń ta fóònù. Jamaldeen gbé fáànù kékeré kan jáde, èyí tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́. Ó ní kó ki fáànù bọ ihò ògiri, kó kan pánẹ́ẹ̀lì tó ń gba oòrùn mọ́ ìta.

“Oòrùn Dublin yìí náà?” ni Karimot bi í.

“Àǹtí, ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ, kì í ṣe ooru.”

Ihò kan tó já síta wà lára ògiri yàrá ẹ̀yìn. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé ni Karimot ti fi ìró àtijọ́ dí i nítorí òtútù. Ó fa ìró náà yọ, ó ki fáànù bọ ibẹ̀, ó sì kan pánẹ́ẹ̀lì mọ́ ìta fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, òjò rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Fáànù ń yí. Lọ́jọ́ tí ìjì ká páànù ilé aládùúgbò, eré ló ń sá. Ọ̀sán kan wà tí oòrùn ràn gan-an, tí ewé kankan kò mì; fáànù dúró jẹ́ẹ́. Karimot ní ó yẹ kí fáànù náà sinmi.

Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún, ògiri ti gbẹ. Màmá bi Nàbílà bí àyà rẹ̀ ṣe rí.

“I’m grand, Nana,” ni ọmọ náà wí, ìyẹn ni pé ara òun ti yá.

Màmá ń di ẹrù. Ó ní kí ọmọ dúró ti ìyá rẹ̀. “Ṣùgbọ́n mò ń mú fáànù yẹn lọ. Tó bá lè yí báyìí níbí, ẹ wo bó ṣe máa yí ní Ìwó.”

“Ẹ máa mú u lọ, Màmá. Màá ra òmíràn.”

Karimot gbé ìró àtijọ́ sílẹ̀ tí yóò fi dí ihò náà, ó lọ gun àga níta, ó já wáyà tó so pánẹ́ẹ̀lì mọ́ fáànù, ó tú pánẹ́ẹ̀lì, ó sì gbé e wọlé fún Màmá tòun ti bébà dúdú tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí kúrò. Nínú ihò ògiri, fáànù ṣì ń yí.