Ìbora Tí Kò Ní Etí

Àlọ́ mi já pàtì, kò já sódò, kò já sóko, orí Ẹ̀ga tó ń ránṣọ fún àwọn ẹranko ló já lé.

Lọ́dún kan, ọyẹ́ mú gan-an. Àwọn ẹranko bá fẹnu kò pé kí kálukú mú àjákù aṣọ wá, kí Ẹ̀ga rán an pọ̀ di ìbora kan tí gbogbo wọn yóò jọ máa bò.

Ọ̀kín ló kọ́kọ́ dé. "Ìyá Ẹ̀ga, sányán ni tèmi o. Àárín ni kí ẹ fi sí."

Àgbò forí kan ilẹ̀. "Ta ló fẹ́ fi àdìrẹ tèmi sétí?"

Òkété, tó jẹ́ pé àkísà ló mú wá, ní òtútù máa ń mú òun ju gbogbo wọn lọ, àárín ló yẹ òun.

Ẹ̀ga bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Ó rẹ́rìn-ín sínú, ó gbé abẹ́rẹ́, ó ń dárin, wọ́n ń gbè é:

Gbogbo yín lẹ fẹ́ àárín,
*Rán an pọ̀.*
Ta ni yóò wá wà létí?
*Rán an pọ̀.*

Nígbà tó gbé iṣẹ́ jáde, ó ti to gbogbo àjákù náà léra, ó rán wọn mọ́ ojú kan. Ó ki bí òṣùká, kò sì fẹ̀ ju òṣùká lọ.

"Àárín tí ẹ fẹ́ rèé," ni Ẹ̀ga wí. "Kò sẹ́ni tó wà létí."

Wọ́n gbọ̀n mọ́jú. Ní ìdájí, Ọ̀kín sáré wá. "Ìyá Ẹ̀ga, ẹ dákun, ẹ tú tèmi. Etí ni mo fẹ́."

Ẹ̀ga ní kó tò sẹ́yìn Àgbò àti Òkété, àwọn ló kọ́kọ́ wá tọrọ etí.

Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ọyẹ́ ká mi mọ́ láìsí ìbora.